Iṣẹ́ Amọ̀nà Gbé Mi Láti Emùré Dé Orí Omi Báńkọ́ọ̀kì

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé, tí òbí ń fà yín sí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, tí ẹ̀gbọ́n ń fà yín sí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ẹ jókòó tì mí díẹ̀. Mi ò ní kí ẹ má ṣe èyí tí wọ́n ní kí ẹ ṣe o. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ kan wà láyé tó jẹ́ pé ẹsẹ̀, ẹnu àti sùúrù ni irinṣẹ́ rẹ̀, iṣẹ́ ọ̀hún sì dùn kọjá sísọ. Iṣẹ́ amọ̀nà ni. Èmi ni mo máa ń kó àwọn èèyàn wa láti Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀, Emùré àti agbègbè wọn lọ wo ayé, tí mo sì ń kó wọn padà wálé láyọ̀. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Orúnkún mi ló ní kí n fẹ̀yìn tì, kì í ṣe ọkàn mi. Bí ẹ bá ní kí a gbéra lọ́la, bàtà mi wà lẹ́nu ọ̀nà.

Bí mo ṣe bá iṣẹ́ náà pàdé kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Dúpẹ́ lorúkọ mi, ọmọ Emùré sì ni mí. Lẹ́yìn tí mo jáde ìwé mẹ́wàá, ṣọ́ọ̀bù sìmẹ́ǹtì yèyé mi ni mo ń bá wọn jókòó sí. Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan tó wá ra sìmẹ́ǹtì dúró, ó ń gbọ́ bí mo ṣe ń júwe ọ̀nà Òde-Èkìtì fún ọlọ́kadà kan. Nígbà tí ọlọ́kadà lọ tán, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, o júwe ọ̀nà débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rí àwọn igi ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Ṣé o máa bá mi ṣiṣẹ́?" Mo ní màá bá wọn ṣe é. Owó oṣù ibẹ̀ nígbà náà kò tó nǹkan, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ọ̀gá ni gbogbo wa ń pe obìnrin náà, Ọ̀gá náà ni mo sì máa pè wọ́n níbí. Wọ́n ti kọ́ ọmọ ní Jọ́gíráfì fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó ṣí ọ́fíìsì ìrìn-àjò kékeré kan sí Ìkẹ́rẹ́. Èèyàn kúkúrú ni wọ́n, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá pè ọ́ lójijì, wàá rò pé ọkọ̀ agbépo ló fọn fèrè sí ọ lẹ́yìn. Òfin wọn le ju òfin ọlọ́pàá lọ. Amọ̀nà ò gbọdọ̀ jẹun ṣáájú àlejò. Amọ̀nà ò gbọdọ̀ sọ pé "mo rò pé ọ̀nà ibí ni." Ẹni tó bá sọ ọ́, wọ́n á ní kó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, kó fẹsẹ̀ rin ọ̀nà náà, kó tó padà wá sọ̀rọ̀.

Wọ́n á mú mi gun orí àpáta ní Ìkẹ́rẹ́ nígbà tí oòrùn bá mú ganrínganrín, wọ́n á tú gèlè orí wọn, wọ́n á fi di mí lójú, wọ́n á yí mi po. "Ó yá, nawọ́ sí ọjà. Nawọ́ sí ọ̀nà Ìsẹ̀. Nawọ́ sí ibi tí omi wà." Tí mo bá ṣì í, a ò ní sọ̀ kalẹ̀. Mo sunkún lórí àpáta yẹn, mo bú Ọ̀gá nínú mi dáadáa, mo tún padà wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Àwọn àgbà ní ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ọ̀gá ní amọ̀nà gbọ́dọ̀ lè ṣọ́ tirẹ̀ bí wọ́n tiẹ̀ di ojú ẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ẹ̀kọ́ wọn, súìtì ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìrìn-àjò àkọ́kọ́ tí mo bá wọn lọ, nígbà tí gbogbo èèyàn wọkọ̀ tán, mo dúró níwájú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í na ìka sí wọn: ení, èjì, ẹ̀ta. Ìyá kan láti Ìsẹ̀ fò dìde. "Kí lò ń kà? Ṣé ewúrẹ́ ni wá ni? Lọ ka ọma ulé yín!" Gbogbo ọkọ̀ gbè é lẹ́sẹ̀. Ọ̀gá bá wọn bẹ̀bẹ̀, wọ́n wá fà mí sẹ́yìn. "Èèyàn wa kì í fẹ́ kí wọ́n na ìka ka àwọn. Mú súìtì tó bá iye wọn mu lọ́wọ́. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń wọkọ̀, fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ọ̀kan. Tó bá ṣẹ́ kù sí ọ lọ́wọ́, ẹnì kan ṣẹ́ kù sẹ́yìn nìyẹn." Títí mo fi kúrò lẹ́nu iṣẹ́, mi ò ka èèyàn mọ́. Súìtì ni mò ń pín.

A lọ Bàdágìrì, a lọ Gánà, a lọ Jerúsálẹ́mù láìmọye ìgbà. Àwọn tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, àwọn lẹ́kíṣọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ló pọ̀ jù nínú oníbàárà wa. Ọdún kan wá dé tí àwọn kan nínú wọn ní àwọn ti wo Jerúsálẹ́mù tó, àwọn fẹ́ rí ibi tí bàbá àwọn ò mọ orúkọ ẹ̀. Ọ̀gá ní, "Báńkọ́ọ̀kì ńkọ́, ní Táílàǹdì?" Wọ́n pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́, mi ò tíì mọ ibi tó wà.

Ẹsẹ̀ Ọ̀gá wú nínú ọkọ̀ òfúrufú. Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ lọ wo àwọn ọ̀nà omi àti tẹ́ḿpìlì, wọ́n na ẹsẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì ní hòtẹ́ẹ̀lì, wọ́n ní, "Dúpẹ́, ìwọ lo máa kó wọn lónìí." Èmi! Inú mi dùn débi pé mo wọ bàtà kí n tó wọ ìbọ̀sẹ̀.

Òfin ìlú wọn ni pé ọmọ ìlú tó ní káàdì ìjọba lọ́rùn nìkan ló lè ṣe amọ̀nà níbẹ̀, nítorí náà obìnrin ibẹ̀ kan ló ń ṣíwájú wa, tí èmi sì ń túmọ̀ gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ sí Yorùbá fún àwọn àgbà wa. Pí Nók ni wọ́n ń pè é. Mo béèrè ohun tí "Pí" jẹ́, ó ní ẹ̀gbọ́n ni, pé àwọn kì í la orúkọ mọ́ ẹni tó ju ẹni lọ lórí. Mo pariwo! Mo yíjú sí àwọn èèyàn mi, mo ní, "Ẹ gbọ́, wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n ní ẹ̀gbọ́n níbí!" Láti ìgbà yẹn, Pí Nók di ọmọ wa. Ó ní òun nìkan lòun ń tọ́ ọmọ méjì. Ó fọwọ́ kan káàdì ọrùn ẹ̀, ó ní ẹni tó ń bá òun bọ́ wọn nìyí.

Tẹ́ḿpìlì ńlá ni a kọ́kọ́ dé. Ère Búdà kan dùbúlẹ̀ nínú ẹ̀, aláwọ̀ wúrà, ó gùn ju ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ, àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀ nìkan ga ju èèyàn lọ. Kí a tó wọlé, Pí Nók kó wa jọ. Ẹ bọ́ bàtà. Ẹ má tẹ ẹnu ọ̀nà mọ́lẹ̀, ẹ dá a kọjá. Obìnrin ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan àlùfáà. Èyí tó ga jù nínú gbogbo ẹ̀, ẹ má na àtẹ́lẹsẹ̀ sí ère tàbí sí èèyàn, nítorí lójú àwọn, ẹsẹ̀ ló rẹlẹ̀ jù lára, ìwọ̀sí ńlá ni. Gbogbo wa ní a gbọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò gbọ́, torí pé kò sí lọ́dọ̀ wa.

Bàbá Fálúyì ni ẹni yẹn, ọ̀gá ilé ìwé nígbà kan ní Ìkẹ́rẹ́, alàgbà nínú ìjọ wọn. Ìjọ ti ń múra láti fi wọ́n jẹ Bàbá Ìjọ lọ́dún náà, Màmá Akọ̀wé tó jẹ́ akọ̀wé ìjọ ọ̀hún sì wà nínú ọkọ̀ wa. Bàbá ti sọ ọ́ láti hòtẹ́ẹ̀lì: "Ọma mi, mo fẹ́ wo omi, mo fẹ́ wo ulé, mo fẹ́ wo èèyàn. Ulé òrìṣà ni mi ò ní wọ̀. Ẹ máa kó bàtà yín fún mi, màá máa bá yín ṣọ́ ọ." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n jókòó sábẹ́ igi, tí wọ́n ń ṣọ́ bàtà wa pẹ̀lú ìdùnnú, tí wọ́n ń kí gbogbo ẹni tó ń kọjá ní èdè Ìkẹ́rẹ́.

Lẹ́yìn náà la bọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi. Ha, ẹ̀yin ọmọ! Ẹ́ńjìnnì mọ́tò gidi ni wọ́n gbé sí ìdí ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n fi irin gígùn kan tì í sínú omi, ọkọ̀ sì ń fò! Àwọn màmá di gèlè mú, wọ́n ń kígbe "Jésù!", wọ́n tún ń ní kí awakọ̀ sáré sí i. A kúrò lójú odò ńlá, a dé ibi géètì onírin kan. Wọ́n ti géètì mọ́ wa lẹ́yìn, omi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wa sókè díẹ̀díẹ̀, géètì iwájú ṣí, a sì bọ́ sínú ọ̀nà omi tóóró tí àwọn baba ńlá wọn fọwọ́ gbẹ́. Àdúgbò ni! Ilé wà lórí òpó nínú omi lọ́tùn-ún lósì. Ìyá àgbà kan ń fọ abọ́ lórí àtẹ̀gùn ilé ẹ̀, omi ń gba ìdí ẹ̀ kọjá bí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Obìnrin kan ń wa ọkọ̀ kékeré, iná ẹ̀ wà nínú ọkọ̀, ó ń sun ọ̀gẹ̀dẹ̀ tà. A rà á tán lọ́wọ́ ẹ̀. Awọ́nrínwọ́n kan nà gbalaja sórí ògiri, ó ń yáàrùn, kò sì sẹ́ni tó wò ó. Bàbá Fálúyì ní, "Tó bá jẹ́ Ìkẹ́rẹ́ ni, ìwọ yìí ti wà nínú ùkòkò."

Nígbà tí a dé ẹ̀bá tẹ́ḿpìlì kékeré kan, omi bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Ẹja àrọ̀ ni! Wọ́n tóbi, wọ́n sanra, wọ́n ń gun ara wọn lórí nítorí búrẹ́dì. Pí Nók ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pa ẹja níwájú tẹ́ḿpìlì. Àwọn èèyàn mi mí kanlẹ̀. Wọ́n ju búrẹ́dì sí ẹja náà, ojú wọn sì ń wo ọbẹ̀.

A wọ tẹ́ḿpìlì kékeré yẹn, a wò ó, a jáde, Bàbá sì kó bàtà fún oníkálukú. A dé etí omi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pín súìtì. Ọ̀kan ṣẹ́ kù sí mi lọ́wọ́. Mo wo ojú gbogbo wọn, mo sì mọ ẹni tó kù. Èmi àti Pí Nók sáré padà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Bí a ṣe ń lọ sétí omi, Bàbá rí àlùfáà àgbà ilé náà, arúgbó tó ti tẹ̀, tó ń fi ọ̀pá rìn wọ inú gbọ̀ngàn. Ní Ìkẹ́rẹ́, a kì í rí àgbà kí a yẹjú. Bàbá gbàgbé pé ilé òrìṣà ni, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ ère wọlé, wọ́n lọ bá àgbà náà níbi tó jókòó sí lódì kejì, wọ́n sì dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Bí a ṣe dé ẹnu ọ̀nà, Bàbá ṣì wà nílẹ̀, wọ́n ń kí àgbà kú ọjọ́ alẹ́, àtẹ́lẹsẹ̀ wọn méjèèjì sì nà tààrà sí ojú Búdà.

Àwọn tó ń gbàdúrà níbẹ̀ bú sígbe. Ọkùnrin kan tó ń bójú tó ilé náà wọlé wá, ó rí i, ojú ẹ̀ pọ́n. Kò bá Bàbá wí rárá. Pí Nók ló kọjú sí. Ó ní amọ̀nà tó kó èèyàn wá tí kò kọ́ wọn, kò yẹ kó máa ṣe amọ̀nà, ó sì gba káàdì ọrùn ẹ̀, ó ní ọ́fíìsì tó fún un lòun máa dá a padà sí. Pí Nók kàn ń fọwọ́ kan ọrùn ẹ̀ níbi tí káàdì wà tẹ́lẹ̀. Ìbẹ̀rù bà mí ju ọjọ́ tí wọ́n dì mí lójú lórí àpáta lọ.

Ní etí omi, gbogbo ẹnu ló ń sọ̀rọ̀. Mo ní ẹ̀bẹ̀ ló kù. Pí Nók ní olùtọ́jú yẹn ò ní gbọ́, àlùfáà àgbà nìkan ló lè bá a sọ̀rọ̀, inú gbọ̀ngàn ló sì wà, níwájú ère. Màmá Akọ̀wé ní, "Àǹtí Dúpẹ́, ká kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀ nínú ilé òrìṣà? Kí la fẹ́ sọ fún ìjọ?" Àwọn kan ní kí a dá owó jọ fún obìnrin náà, kí a máa lọ. Bàbá Fálúyì ti jókòó sórí òkúta, wọ́n di orí mú. Wọ́n dìde.

"Ọma ọlọ́ma ò ní pàdánù uṣẹ́ ẹ̀ torí mi. Mo ń lọ."

"Alàgbà, ẹ rántí oyè yín," Màmá Akọ̀wé ní.

"Mo rántí ẹ̀. Gbé fóònù rẹ, kí o yà mí ní fọ́tò, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ ọ́ bí kò ṣe rí."

A padà wọlé. Pí Nók kúnlẹ̀ jìnnà díẹ̀ sí àlùfáà àgbà, ó ń sọ̀rọ̀, omi ń bọ́ lójú ẹ̀, ó sì ń túmọ̀ fún mi. Mo ní kó sọ fún wọn pé bí a ṣe ń kí àgbà nílùú wa nìyẹn, pé Bàbá kò mọ̀, pé wọ́n fẹ́ dọ̀bálẹ̀ bẹ̀bẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti há. Tí Bàbá bá kọjú sí ibi tí ẹsẹ̀ wọn kò ní dojú kọ ère, orí wọn ló máa dojú kọ ọ́, ìgbàgbọ́ wọn ò sì gba ìyẹn. Mo sọ èyí náà fún Pí Nók. Ó bẹ̀rù láti túmọ̀ ẹ̀, ṣùgbọ́n ó túmọ̀ ẹ̀.

Àlùfáà àgbà wá na ọwọ́ mú ọ̀pá ẹ̀. Olùtọ́jú sáré wá láti dá a dúró, àlùfáà jùwọ́ sí i pé kó yẹra. Ó dìde pẹ̀lú ìrora, ó rìn jáde kúrò nínú gbọ̀ngàn, ó sọ àtẹ̀gùn kalẹ̀ ní ìkọ̀ọ̀kan, ó lọ jókòó sábẹ́ igi ìta níbi tí Bàbá ti ṣọ́ bàtà wa lẹ́ẹ̀kan, níbi tí kò sí ère kankan. Ó ní kí bàbá yẹn wá kí òun bí wọ́n ṣe ń kí àgbà nílé wọn.

Ẹ̀yin èèyàn mi! Mo sunkún, mo tún ń rẹ́rìn-ín. Bàbá Fálúyì dọ̀bálẹ̀ sórí ewé gbígbẹ, àyà kan ilẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún kan ilẹ̀, t'òsì kan ilẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá uṣẹ́ rẹ̀ padà fún un." Àlùfáà àgbà wò wọ́n títí, ó béèrè ọjọ́ orí wọn. Wọ́n fi ọdún wé ọdún. Bàbá Fálúyì ló dàgbà jù!

"Ha!" Bàbá fò dìde. "Àbúrò mi ni mo dọ̀bálẹ̀ fún!"

Nígbà tí Pí Nók túmọ̀ ẹ̀, àlùfáà àgbà rẹ́rìn-ín débi tí ọ̀pá bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ó pe olùtọ́jú, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n ló bẹ̀ mí. Dá a padà." Ọkùnrin náà fọwọ́ ara ẹ̀ fi káàdì sí ọwọ́ Pí Nók. Àwọn màmá Ìsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jó létí omi níbẹ̀, ẹja àrọ̀ sì rò pé búrẹ́dì tún dé.

Ṣùgbọ́n fọ́tò tí Màmá Akọ̀wé yà, níbi tí Bàbá ti dọ̀bálẹ̀ fún àlùfáà, ti ṣíwájú wa délé. Ìjọ pe Bàbá, Bàbá sì ro gbogbo ẹ̀ láìyọ nǹkan kan. Wọ́n ní àwọn gbọ́, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ni wọ́n fi jẹ Bàbá Ìjọ lọ́dún yẹn, oyè náà kò sì padà kan wọ́n mọ́. Mo fẹ́ lọ bá àwọn àgbà ìjọ jà. Bàbá ní kí n jókòó.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń kó gbogbo èèyàn jọ fún àlàyé, tó fi mọ́ àwọn tí kò ní wọlé. Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ọ̀gá kú, mo jókòó sórí àga wọn. Irinṣẹ́ ń yí padà lójú mi. Agbòòrùn pupa ni mo kọ́kọ́ máa ń gbé sókè kí wọ́n má baà sọnù. Ó di gbohùngbohùn tí mo ń so mọ́ ìdí, ó di nǹkan kékeré tí wọ́n ń kì bọ etí, báyìí ó ti di fóònù. Fóònù ń túmọ̀ èdè, ó ń júwe ọ̀nà, ó mọ ibi tí oníkálukú dúró sí. Mo fẹ́ràn ẹ̀, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n kò tíì sí fóònù tó ń wo ojú ìyá àgbà kan kó mọ̀ pé ilé ìtọ̀ ló ń wá, tó ń tijú láti sọ. Iṣẹ́ ṣì kù fún yín níbẹ̀, ẹ̀yin ọmọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dẹ́rù bà yín.

Ìrìn-àjò tí mo fi fẹ̀yìn tì, Báńkọ́ọ̀kì ni mo yàn án sí. Pí Nók ti hu ewú, àwọn ọmọ ẹ̀ méjèèjì ti jáde yunifásítì. A wà nínú ọkọ̀ lójú ọ̀nà omi nígbà tó béèrè pé, "Bàbá yẹn ńkọ́? Oyè wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́?" Mi ò sọ fún un rí. Mo sọ fún un lọ́jọ́ yẹn. Ó ní kí awakọ̀ pa ẹ́ńjìnnì. Ó ní kí n pe Bàbá.

Mo pè wọ́n, àwòrán wọn yọ lójú fóònù, wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́, wọ́n ń jẹ uṣu sísun. Ara ti gbó, ohùn ò gbó. Pí Nók sọ̀rọ̀, mo túmọ̀: "Bàbá, ó ní kí ló dé tí ẹ ò jẹ́ kí òun gbọ́ ohun tí ẹ pàdánù?"

Bàbá nu ẹnu. "Kí ni mo pàdánù? Oyè yẹn, ẹlòmíì jẹ ẹ́, ó sì jẹ ẹ́ dáadáa. Àwọn ọma ẹ̀ méjèèjì ńkọ́? Bí uṣẹ́ bá ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ta ni ìbá bá a tọ́ wọn?"

Mo túmọ̀ ẹ̀. Pí Nók fi fóònù lé orí àga, ó yí ara padà kí ẹsẹ̀ ẹ̀ má kọjú sí i, ó pa àtẹ́lẹwọ́ pọ̀, ó sì tẹrí ba títí iwájú orí ẹ̀ fi kan pákó ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Ọkọ̀ mì. Bàbá rí i, wọ́n pariwo láti Ìkẹ́rẹ́.

"Dúpẹ́! Gbé e dìde, ọma mi! Orí omi lẹ wà o!"

Mi ò gbé e dìde. Mo jẹ́ kó kí bàbá ẹ̀ tán.